Bí owó ṣe ń ti báǹkì kan dé òmíràn: Àdéhùn ló gbé e, kì í ṣe kọ̀ǹpútà nìkan

Lójoojúmọ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń tẹ nọ́ńbà sórí fóònù wọn, tí wọ́n ń fi owó ránṣẹ́ láti báǹkì kan sí báǹkì mìíràn. Oníṣòwò aṣọ tó wà ní Gbági, n'Ìbàdàn, yóò fi owó ọjà ránṣẹ́ sí ẹni tó ta aṣọ fún un ní Balógun, l'Ékòó, kí ó sì tó gbé fóònù sílẹ̀, àláàtì ti dún lọ́dọ̀ ẹni tó wà l'Ékòó. Ó ti mọ́ wa lára débi pé kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu mọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá fara balẹ̀ rò ó, ohun ìyanu ni. Báǹkì tí oníṣòwò Ìbàdàn ń lò àti èyí tí ẹni Èkó ń lò kì í ṣe ọ̀rẹ́ ara wọn, oníbàárà ni wọ́n jọ ń dù. Ọ̀tọ̀ ni ìwé àkọsílẹ̀ owó tí kálukú wọn ní, ọ̀tọ̀ ni kọ̀ǹpútà wọn, ọ̀tọ̀ ni ọ̀gá wọn.

Báwo wá ni ilé-iṣẹ́ méjì tó ń bá ara wọn díje, tí ọ̀kan kò lè yọjú wo inú ìwé èkejì, ṣe ń jọ parí iṣẹ́ kan ṣoṣo láàárín ìṣẹ́jú kan, láìsí ìjà? Èyí ni a fẹ́ ṣàlàyé fún ẹ̀yin òǹkàwé wa. Ìdí tó fi yẹ kí gbogbo wa mọ̀ ọ́n kò ju pé, lọ́jọ́ tí owó bá kúrò lọ́wọ́ ẹni tí kò sì dé ibi tó ń lọ, ẹni tó mọ ọ̀nà tí owó ń gbà rìn ni yóò mọ ibi tí yóò ti bèèrè, àti ohun tí yóò bèèrè.

Kí ni à ń pè ní ìsopọ̀ iṣẹ́?

Kò sí ilé-iṣẹ́ tí kò ní ìlànà tó fi ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ẹnìkan yóò kọ̀wé, ẹlòmíràn yóò yẹ̀ ẹ́ wò, ẹni kẹta yóò fọwọ́ sí i, akápò yóò sì sanwó. Níwọ̀n ìgbà tí gbogbo èyí bá ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ òrùlé kan, ọ̀gá kan ló wà tó lè pàṣẹ pé báyìí ni kí a ṣe é. Wàhálà ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ náà bá ní láti fò kọjá ògiri ilé kan bọ́ sínú ilé mìíràn. Ọ̀gá ibí kò láṣẹ lórí òṣìṣẹ́ ọ̀hún, ohun tí wọ́n ń pè ní ọjà níbí lè ní orúkọ mìíràn lọ́hùn-ún, ẹni tó rán ìwé kò sì mọ̀ bóyá wọ́n gbà á tàbí ó ti sọnù sọ́nà.

Ìsopọ̀ iṣẹ́ láàárín ilé-iṣẹ́ ni kí a ṣètò kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ méjèèjì lọ́nà tí ìgbésẹ̀ tó bá parí níbí yóò fi máa dá ìgbésẹ̀ tó kàn sílẹ̀ lọ́hùn-ún, láìsí pé akọ̀wé kan jókòó tó ń da ọ̀rọ̀ kọ láti inú ìwé kan sínú ìwé kejì. Àwọn báǹkì orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé tiwọn ló kan gbogbo wa jù.

Láyé ìgbà tí ìwé ń rìnrìn àjò

Ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 1959 ni báǹkì àgbà ilẹ̀ yìí, CBN, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní ọdún 1961 ni ilé tí àwọn báǹkì ti ń pàṣípààrọ̀ sọ̀wédowó bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó. Bí ẹnìkan bá fi sọ̀wédowó báǹkì kan sanwó fún ọ, tí o sì gbé e lọ sí báǹkì tìrẹ, báǹkì rẹ kò ní fún ọ lówó lójú ẹsẹ̀. Yóò kó sọ̀wédowó náà pọ̀ mọ́ àwọn yòókù, òṣìṣẹ́ kan yóò sì gbé wọn lọ sí ilé ìpàṣípààrọ̀. Níbẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ báǹkì gbogbo ti ń pàdé, tí kálukú ń gba àwọn sọ̀wédowó tí wọ́n kọ sí báǹkì tirẹ̀. Òṣìṣẹ́ báǹkì tó ni sọ̀wédowó yóò gbé e padà lọ sílé, wọn yóò wò ó bóyá owó wà nínú àkáùǹtì ẹni tó kọ ọ́, àti bóyá ìfọwọ́sí rẹ̀ bá èyí tó wà lọ́wọ́ wọn mu. Bí kò bá mu, wọn yóò dá a padà.

Èyí kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Bí sọ̀wédowó bá ti ìlú mìíràn wá, ó lè gba ọ̀pọ̀ ọjọ́ kí oníṣòwò tó fojú kan owó rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí ohun kan níhìn-ín: àwọn báǹkì ti ń jọ ṣiṣẹ́ pọ̀ kí kọ̀ǹpútà tó dé. Wọ́n ti fẹnu kò lórí bí sọ̀wédowó yóò ṣe rí, ibi tí wọn yóò ti pàdé, àti iye àkókò tí báǹkì ní láti fi dá sọ̀wédowó burúkú padà. Kọ̀ǹpútà kọ́ ló bí àdéhùn. Àdéhùn ti wà ńlẹ̀, kọ̀ǹpútà wá mú un yára.

Ní ọdún 1993 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Nigeria Inter-Bank Settlement System, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní NIBSS. CBN àti àwọn báǹkì tó gba àṣẹ ni wọ́n jọ ni ín. Ní ọdún 2002 ni ilé-iṣẹ́ Interswitch náà dé, tó so ẹ̀rọ ATM àwọn báǹkì pọ̀ kí oníbàárà báǹkì kan lè gba owó lára ẹ̀rọ báǹkì mìíràn. Ní ọdún 2011 ni NIBSS gbé ètò ìfowóránṣẹ́ ojú ẹsẹ̀ tí wọ́n ń pè ní NIP kalẹ̀. Ní ọdún 2012 sì ni CBN bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí àwòrán sọ̀wédowó máa rìn dípò bébà fúnra rẹ̀. Èkó ni wọ́n ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí ó tó kárí ilẹ̀.

Ìdí tí ó fi gba aláàárín

Ẹnìkan lè bèèrè pé, kí ló dé tí báǹkì kọ̀ọ̀kan kò fi so kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ ti àwọn yòókù tààrà, kí wọ́n yé san owó fún aláàárín. Ìṣirò ló dáhùn ìbéèrè yìí. Nígbà tí CBN ní kí àwọn báǹkì kó ara wọn jọ láàárín ọdún 2004 sí 2005, báǹkì 89 ló wà, ó sì di 25. Bí báǹkì 25 bá fẹ́ so mọ́ ara wọn ní méjì méjì, okùn 300 ni wọn yóò nílò. Bí ó bá jẹ́ 89 àtijọ́ ni, okùn náà yóò lé ní 3,900. Okùn kọ̀ọ̀kan ló ní àdéhùn tirẹ̀, ààbò tirẹ̀, àti òṣìṣẹ́ tí yóò máa tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí gbogbo wọn bá so mọ́ àárín kan ṣoṣo, okùn 25 péré ti tó.

Ìyẹn nìkan kọ́. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àìfàgbà fẹ́nìkan ni kò jẹ́ kí ayé gún. Bí báǹkì kan bá ní òun ti rán owó, tí èkejì ní òun kò rí i, ta ni yóò dá wọn lẹ́jọ́? Aláàárín tí kì í ṣe ti ẹnìkan, tí gbogbo wọn jọ ni, tí àkọsílẹ̀ ohun tó kọjá sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ni ẹlẹ́rìí láàárín wọn. Aláàárín yìí kan náà ni ẹnu ọ̀nà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, NIBSS kọ̀wé sí àwọn báǹkì pé kí wọ́n yọ àwọn ilé-iṣẹ́ tí kò ní àṣẹ láti gba owó ìpamọ́ lọ́wọ́ aráàlú kúrò lára àwọn tí a lè fi owó ránṣẹ́ sí. Ẹni tó bá ń ṣọ́ àárín ọjà ló mọ ẹni tó lè pàtẹ.

Orúkọ kan fún ohun kan: nọ́ńbà 10

Àdéhùn kìíní tó gbé ètò yìí ró ni ti orúkọ. Ṣáájú ọdún 2010, kálukú báǹkì ló ń fún oníbàárà ní irú nọ́ńbà àkáùǹtì tó wù ú. Ti ẹnìkan gùn, ti ẹlòmíràn kúrú. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2010 ni CBN gbé ìlànà NUBAN jáde, pé òǹkà 10 ni kí gbogbo nọ́ńbà àkáùǹtì máa jẹ́. Nígbà tí yóò fi di oṣù Kẹfà ọdún 2012, gbogbo báǹkì ti ní láti máa lò ó.

Nínú òǹkà 10 yìí, 9 àkọ́kọ́ ni báǹkì fi ń dá oníbàárà mọ̀. Ìkẹwàá kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni, ìṣirò ló ń bí i, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti ṣọ́ àwọn yòókù. Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọn yóò kọ òǹkà 3 tó dúró fún báǹkì síwájú òǹkà 9 náà, yóò wá di 12. Wọn yóò fi 3, 7, 3 sọ wọ́n di púpọ̀ ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé títí yóò fi kan ìkejìlá, wọn yóò sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Òǹkà tó kẹ́yìn nínú àròpọ̀ náà ni wọn yóò yọ kúrò nínú 10. Bí ó bá jẹ́ 0 ló kẹ́yìn, 0 náà ni yóò jẹ́. Ẹ jẹ́ kí a fi báǹkì tí àmì rẹ̀ jẹ́ 011 ṣe àpẹẹrẹ, kí òǹkà 9 oníbàárà jẹ́ 000001457. Àròpọ̀ wọn yóò jẹ́ 81. Òǹkà tó kẹ́yìn ni 1, bí a bá yọ 1 kúrò nínú 10, ó ku 9. Nítorí náà, nọ́ńbà àkáùǹtì náà yóò jẹ́ 0000014579.

Èrè rẹ̀ ni pé bí ọwọ́ ẹni bá ṣi ẹyọ òǹkà kan ṣoṣo tẹ̀, ìṣirò náà kò lè bára mu mọ́, kọ̀ǹpútà yóò sì mọ̀ kí owó tó kúrò. Bí òǹkà méjì bá yí padà, ó ṣeé ṣe kí àṣìṣe kan bo èkejì mọ́lẹ̀, ìdí nìyí tí a kò fi lè gbẹ́kẹ̀ lé e nìkan. Ẹ tún kíyè sí i pé òǹkà 3 tó dúró fún báǹkì kò sí nínú 10 tí à ń kọ fún èèyàn. Ìdí nìyẹn tí fóònù fi máa ń ní kí a mú orúkọ báǹkì pẹ̀lú nọ́ńbà àkáùǹtì.

Èdè kan fún ìsọfúnni

Àdéhùn kejì ni ti èdè. Àwọn baba wa mọ èyí dáadáa, àwọn tó ń fi àrokò ránṣẹ́ síra wọn. Ẹyọ owó tí a so kọjú síra wọn ní ohun tó ń sọ, èyí tí a so kẹ̀yìn síra wọn sì ní ìtumọ̀ tirẹ̀. Ẹni tó gbé e kò ní láti mọ ohun tó wí, ṣùgbọ́n ẹni tó rán an àti ẹni tó gbà á gbọ́dọ̀ ti jọ mọ ìtumọ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn kọ̀ǹpútà báǹkì ń ṣe. Ìsọfúnni tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ ní àyè tí a là sílẹ̀ fún nọ́ńbà àkáùǹtì, àyè fún iye owó, àyè fún orúkọ, àti àyè fún àlàyé. Èsì tó ń padà bọ̀ pẹ̀lú ní àmì. Bí èsì bá jẹ́ 00, owó ti wọlé. 51 túmọ̀ sí pé owó tó wà nínú àkáùǹtì kò tó. 91 túmọ̀ sí pé a kò rí báǹkì tó yẹ kó gba owó bá sọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tí yóò máa ronú ohun tí èkejì ní lọ́kàn.

Irú àdéhùn báyìí kò mọ sí ilẹ̀ wa. Ní ọdún 1973 ni báǹkì 239 láti orílẹ̀-èdè 15 dá ẹgbẹ́ SWIFT sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀mù, kí wọ́n lè máa fi èdè kan bá ara wọn sọ̀rọ̀ nípa owó tó ń lọ láti ilẹ̀ kan sí òmíràn. Ọdún mẹ́rin kọjá kí ìsọfúnni àkọ́kọ́ tó gba ibẹ̀ kọjá ní 1977. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n pinnu láti fi èdè tuntun tó ń jẹ́ ISO 20022 rọ́pò ti àtijọ́ fún ìsanwó láàárín orílẹ̀-èdè. Wọ́n fi èdè méjèèjì sílẹ̀ pa pọ̀ láti oṣù Kẹta ọdún 2023 títí di oṣù Kọkànlá ọdún 2025 kí kálukú lè ráyè múra. Kíkọ ètò kọ̀ǹpútà kò le tó kí a mú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé-iṣẹ́ lọ́wọ́ rìn pọ̀.

Ìrìn àjò owó, ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan

Ẹ jẹ́ kí a wá tẹ̀lé owó oníṣòwò Gbági tí a mẹ́nu bà lókè. Nígbà tó bá tẹ nọ́ńbà àkáùǹtì tán tó sì mú báǹkì, báǹkì rẹ̀ yóò gba ọ̀dọ̀ NIBSS bèèrè lọ́wọ́ báǹkì kejì pé, ta ló ni nọ́ńbà yìí? Báǹkì kejì yóò dá orúkọ padà, òun ni orúkọ tó máa ń yọ lójú fóònù. Owó kankan kò tíì kúrò. Ìgbésẹ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ń fojú fò, bẹ́ẹ̀ òun ni ìlẹ̀kùn tó kẹ́yìn kí owó tó jáde.

Bí oníṣòwò bá ti tẹ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀, báǹkì rẹ̀ yóò yọ owó kúrò nínú àkáùnǹtì rẹ̀, yóò sì rán ìsọfúnni sí NIBSS. Ìsọfúnni yìí ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tirẹ̀, òǹkà 30, tí àwọn òyìnbó ń pè ní session ID. Òǹkà 6 àkọ́kọ́ ń sọ ibi tó ti wá, 12 tó tẹ̀lé e ń sọ ọjọ́ àti àkókò títí dé ìṣẹ́jú àáyá, 12 tó kẹ́yìn sì jẹ́ ti ìsọfúnni yẹn nìkan. NIBSS yóò gbé e fún báǹkì kejì, báǹkì kejì yóò fi owó kún àkáùǹtì ẹni tó wà l'Ékòó, yóò sì dá èsì padà gba ọ̀nà tó gbà wá. Nígbà tí 00 bá dé, iṣẹ́ parí.

Ṣùgbọ́n ṣé owó gidi ti kúrò ní báǹkì kan bọ́ sí èkejì? Rárá o. Gbèsè ni ọ̀kan ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ èkejì. NIBSS ló ń ṣírò ta ló jẹ ta ní àkókò tí wọ́n ti dá, tí yóò sì gbé ìyókù fún CBN láti yanjú nínú àkáùǹtì tí àwọn báǹkì ní lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ní báǹkì mẹ́ta ló wà. Àwọn oníbàárà ti kìíní fi mílíọ̀nù 90 náírà ránṣẹ́ sí ti kejì, ti kejì fi mílíọ̀nù 70 ránṣẹ́ sí ti kẹta, ti kẹta sì fi mílíọ̀nù 60 ránṣẹ́ sí ti kìíní. Owó tí àwọn oníbàárà fi ránṣẹ́ jẹ́ mílíọ̀nù 220. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ gbèsè nínú gbèsè, mílíọ̀nù 30 péré ni báǹkì kìíní yóò san: 20 fún kejì, 10 fún kẹta. Ìwọ̀nba yìí ló ń sún kúrò lójú kan.

Ibi tó ti máa ń dàrú

A ti dé ibi tó ń dun aráàlú jù. Owó ti kúrò nínú àkáùǹtì, ẹni tó yẹ kó gbà á ní òun kò rí nǹkan kan. Ta ni owó wà lọ́wọ́ rẹ̀?

Ohun méjì ló lè ti ṣẹlẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ìsọfúnni kò dé báǹkì kejì rárá. Ó sì lè jẹ́ pé ó dé, tí wọ́n ti fi owó kún àkáùǹtì, ṣùgbọ́n tí èsì ló sọnù nígbà tó ń padà bọ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé lójú báǹkì tó rán owó, ohun kan náà ni méjèèjì jọ: ó rán iṣẹ́, kò gbọ́ èsì. Bí ó bá sáré dá owó padà fún oníbàárà, tí owó sì ti wọlé lọ́hùn-ún, owó kan ti di méjì. Bí ó bá kọ̀ láti dá a padà, tí owó kò sì dé ibì kankan, oníbàárà ti pàdánù. Nítorí náà, ìlànà ni pé kí ó má ṣe méfò. Kí ó fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ kan náà bèèrè lẹ́ẹ̀kan sí i pé, kí ló ṣẹlẹ̀ sí èyí? Bí báǹkì kejì bá sì rí nọ́ńbà kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kan péré ló yẹ kó fi owó kún àkáùǹtì.

Níbi tí oníbàárà ti ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ara rẹ̀ nìyí. Bí ó bá rí i pé owó kò dé, yóò tún rán òmíràn. Ṣùgbọ́n èyí tó tún rán yìí ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tuntun. Kò sí báǹkì tó lè mọ̀ pé owó ọjà kan náà ni ó ń san. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, méjèèjì yóò wọlé, yóò wá di ọ̀ràn bóyá ẹni tó gbà á bẹ̀rù Ọlọ́run.

Gbogbo wa ló rí irú èyí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. CBN ti kéde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022 pé òun yóò pààrọ̀ N200, N500 àti N1,000. Ó kọ́kọ́ fi ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 2023 ṣe òpin owó àtijọ́, ó tún sún un sí ọjọ́ 10 oṣù Kejì. Owó tuntun kò tó láti kárí. Alátà, ọlọ́kadà àti aláṣọ bá sáré sí orí fóònù lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn kọ̀ǹpútà kò lè gbé ẹrù náà, ìsọfúnni ń lọ, èsì kò padà. Ẹni tó ra ìrẹsì dúró lójú ọjà fún wákàtí mélòó kan, nítorí pé owó ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ ṣùgbọ́n ẹni tó tà á kò gbọ́ àláàtì. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ni ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ pàṣẹ pé kí wọ́n máa ná owó àtijọ́ náà títí di ìparí ọdún yẹn. Ohun tí àkókò yẹn kọ́ wa ni pé bí gbogbo ilé bá so mọ́ra wọn, èyí tó bá lọ́ra jù nínú wọn ló ń sọ bí gbogbo wọn yóò ṣe yára tó.

Ohun tó yẹ kí oníbàárà ṣe

Ẹ ka orúkọ tó yọ lójú fóònù kí ẹ tó tẹ nọ́ńbà àṣírí. Ìgbà yẹn nìkan ni àṣìṣe ṣì rọrùn láti tún ṣe.

Bí owó bá kúrò tí kò dé, ẹ má tún un rán. Ọ̀dọ̀ báǹkì tí owó ti kúrò ni kí ẹ ti kọ́kọ́ fẹjọ́ sùn, kì í ṣe báǹkì ẹni tí ẹ rán an sí. Ẹ mú nọ́ńbà ìdánimọ̀ olóǹkà 30 náà dání, ó máa ń wà lára rìsíìtì orí fóònù. Òun ló máa jẹ́ kí báǹkì méjèèjì àti NIBSS mọ̀ pé ohun kan náà ni wọ́n jọ ń sọ. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní nọ́ńbà ẹ̀sùn yín. Bí báǹkì bá ń fòní dónìí, fọ̀la dọ́la, CBN ní ẹ̀ka tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, ẹ̀tọ́ yín sì ni láti kọ̀wé sí wọn.

Ẹ̀yin tó ń tajà, ẹ má fi rìsíìtì tí oníbàárà nawọ́ rẹ̀ sí yín tàbí ọ̀rọ̀ tó wọ orí fóònù nìkan gbé ọjà sílẹ̀. Àwọn oníjìbìtì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe méjèèjì ní ayédèrú. Iye tó wà nínú àkáùǹtì yín ni kí ẹ wò.

Ohun tí ìsopọ̀ ń fúnni, ohun tó ń gbà

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 2014 ni CBN àti àwọn báǹkì ṣí ètò BVN, òǹkà 11 tó so gbogbo àkáùǹtì ẹnìkan pọ̀ mọ́ ìka ọwọ́ àti ojú rẹ̀. Ṣáájú èyí, ẹni tó lu jìbìtì ní báǹkì kan lè fi orúkọ mìíràn ṣí àkáùǹtì ní òmíràn. Ó ti wá ṣòro jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020 ni ètò mìíràn tún bẹ̀rẹ̀, èyí tó fún báǹkì tó yáni lówó láǹfààní láti gba gbèsè rẹ̀ láti inú àkáùǹtì tí ajigbèsè ní ní àwọn báǹkì mìíràn, níwọ̀n ìgbà tó ti fọwọ́ sí i nígbà tó ń yá owó náà. Ojú ọ̀nà kan náà tí owó ń gbà wọlé ni wọ́n lè gbà wá a dé. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀yáwó, kí ó mọ̀ pé àwọn báǹkì ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ẹ̀kọ́ fún àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn

Báǹkì nìkan kọ́ ló nílò èyí. Láti ọdún 2017 ni JAMB ti ń lo ètò CAPS, tí ilé-ẹ̀kọ́ gíga ń gbà dábàá akẹ́kọ̀ọ́, tí JAMB ń gbà fọwọ́ sí i, tí akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ sì ń gbà sọ pé òun gbà tàbí òun kò gbà. Ilé-ìwòsàn àti ilé-iṣẹ́ adójútòfò ìlera wà nínú irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ aláìsàn ló sì ti jókòó ní gbọ̀ngán ilé-ìwòsàn tó ń dúró de àmì ìyọ̀ǹda láti ọ̀dọ̀ adójútòfò kí wọ́n tó fún un lóògùn. Ilé-ìwòsàn ti rán iṣẹ́, èsì ni kò dé. Àìsàn kì í sì í dúró de èsì.

Àwọn tó fẹ́ ra ètò kọ̀ǹpútà láti fi so iṣẹ́ wọn mọ́ ti ẹlòmíràn, ìbáà jẹ́ alápòògùn àti ẹni tó ń já oògùn fún un, ìbáà jẹ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àti báǹkì wọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ jókòó fìdí ìbéèrè márùn-ún múlẹ̀. Orúkọ tàbí nọ́ńbà wo ni a jọ fẹ́ máa pe ohun kan? Ta ló ń kọ kí ni sílẹ̀, ti ta ni a ó sì gbà gẹ́gẹ́ bí òtítọ́ bí àkọsílẹ̀ méjì bá takora? Èsì wo ni a ń retí, láàárín àkókò wo? Bí èsì kò bá dé ńkọ́? Ta ni yóò ru àdánù bí nǹkan bá bàjẹ́ láàárín ọ̀nà?

Ìbéèrè kẹrin ni àwọn èèyàn ń fojú fò jù, òun sì ni gbogbo ẹ̀sùn tó wà lórí owó tó sọnù sọ́nà ti ń wá. Inú gbogbo èèyàn máa ń dùn láti ṣètò ọjọ́ tí nǹkan bá lọ dáadáa. Ilé-iṣẹ́ tó bá kọ sínú àdéhùn ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí èsì kò bá dé, òun ni oníbàárà rẹ̀ yóò lè sùn tí yóò fi ọkàn balẹ̀.